Ẹ̀yin Lẹ Ń Ṣáná Fún Un

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọkùnrin tí kò fi sìgá sílẹ̀ ni kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ẹ pọ̀. Mo ń gbọ́ yín níbi ìpàdé ẹbí, mo ń gbọ́ yín lórí pẹpẹ ìwàásù, mo ń gbọ́ yín lórí rédíò láàárọ̀ kùtù. "Kò tíì ṣe tán. Bó bá wù ú, kò ní jáwọ́ ni? Ó di ìgbà tí ikọ́ bá gbé e dálẹ̀." Ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó mi orí, ẹ ó sì bá tiyín lọ. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ tó ń pa èèyàn sì ni, nítorí òun ló jẹ́ kí gbogbo yín fọwọ́ lẹ́rán, kí ẹ máa wo ọkùnrin kan bó ṣe ń dá jà.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó fara balẹ̀ wádìí rẹ̀ rí. Lọ́dún 2009, Daniel Kotz àti Robert West gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń fa sìgá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tò wọ́n ní ìpele ìpele, láti orí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ títí dórí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá, wọ́n sì wo àwọn wo ló gbìyànjú láti jáwọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n bi, ẹ ó ní olówó ni yóò gbìyànjú jù. Rárá o. Bí olówó ṣe ń gbìyànjú ni tálákà náà ń gbìyànjú. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni àṣeyọrí: ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, bó bá gbìyànjú, ìrètí pé yóò yege kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti ẹni tó wà lókè lọ. Ìpinnu kan náà ni wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2012 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ti dàgbà, mẹ́wàá ló ń lo tábà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Láàárín àwọn obìnrin, bí ẹnì kan ni. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ń fa sìgá ló sì sọ pé àwọn ń gbèrò láti jáwọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ jáwọ́; ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Èkejì, mẹ́sàn-án nínú ọkùnrin mẹ́wàá wa kò fọwọ́ kan tábà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí bíbú ìkẹwàá rọ̀ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìkẹwàá yẹn kò gbé láàárín àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Ẹ lọ sí gáréèjì ní Òṣòdì tàbí ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, ẹ lọ síbi tí àwọn alábàárù ti ń dúró de tírélà, ẹ ó rí i pé níbẹ̀, ẹni tí kò fà á gan-an ni àjèjì. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ti sọ ọkùnrin yìí ní aláìnírònú láìwo ilé tó ń jí sí.

Lọ́dún 1948, nínú ọkùnrin mẹ́wàá ní Bìrìtéènì, bí mẹ́jọ ló ń mu tábà. Adájọ́ ń mu ún, agbẹ́kòtò ń mu ún, olówó àti tálákà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Lọ́dún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill kọ ọ́ síta pé sìgá wà nídìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń pa wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ náà pé kí wọ́n sọ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń fà á. Ọkùnrin tó lé ní 34,000 ló dáhùn, wọ́n sì tọpa wọn fún àádọ́ta ọdún. Àwọn dókítà wọ̀nyí ló kọ́kọ́ sá fún un, wọ́n jáwọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé yòókù tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, àwọn tó ń rọ irin, àwọn ló kù sẹ́yìn. Títí dòní, àwọn tó ń fi agbára jẹun ní ilẹ̀ yẹn ló ń fa sìgá ju àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ.

Ṣé ẹ̀mí ẹni tó ń já ẹrù kò dùn mọ́ ọn ni? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà tó jáwọ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti jáwọ́, ó bá ọ̀gá rẹ̀ tó ti jáwọ́. Kò pẹ́ tí èéfín fi kúrò nínú yàrá tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó ń já ẹrù ṣe ìpinnu tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni èéfín ń jáde nímú wọn. Ìròyìn kan náà ló dé etí àwọn méjèèjì. Àyè láti tẹ̀ lé ìròyìn náà ni wọn kò jọ ní.

Ohun tó ń di èèyàn mú nínú sìgá ni wọ́n ń pè ní nikotíìnì. Bí èèyàn bá fa èéfín rẹ̀ sínú, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí ogún ni yóò ti dé ọpọlọ. Ọpọlọ tó ti mọ́ lára, bí kò bá rí i mọ́, yóò dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀: ìkanra, àìsùn, ebi òjijì, ọkàn tí kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń dìjà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó máa ń rọlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó dá jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ kì í la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn kọjá. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, mẹ́ta sí márùn-ún péré ló máa ń ṣì dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tí ẹ ń bú pé ó kùnà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn tó dá a ṣe ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ó fẹ́ jáwọ́ ló yẹ kí ẹ bi í. Ẹ bi í pé: níbo lo ti fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn?

Máníjà báńkì kan ní Ìkẹjà lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò gba èéfín láàyè tẹ́lẹ̀. Ó ní dókítà tó lè pè lórí fóònù, ó lówó tó lè fi ra ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, bí kò bá sì rí i rà, àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun yóò fi ránṣẹ́. Inú ń bí i, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sùn. Awakọ̀ dánfó jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó gbọ́dọ̀ rí owó tí yóò kó fún onímọ́tò, owó epo, owó àwọn ọmọ gáréèjì, kó tó kan oúnjẹ. Kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ń fa sìgá sí i létí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tó gbé abọ́ obì, tọ́mtọ́m àti sìgá sórí yóò na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Inú ń bí òun náà, ṣùgbọ́n kò ní yàrá tí yóò tì. Àwọn méjèèjì yìí ni ẹ fi ojú kan náà wò, tí ẹ ní ọ̀kan lákíkanjú, èkejì kò ní.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó jókòó sí abẹ́ fáànù kì í mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ agbára, sìgá ni ìsinmi kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún wọn. Lébìrà tó bá sọ̀kalẹ̀ látorí àkàbà, tó jókòó lásán, ọ̀gá yóò pè é ní ọ̀lẹ. Èyí tó bá ní "Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀kan ná," wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo ohun tí a ń kọ́ ọ: bó bá fẹ́ mí, kó lọ fa èéfín. Ó tún ń fi í pa ebi, nítorí owó ẹyọ sìgá kan kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé yín lóru ń fi í lé oorun àti òtútù. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ìsinmi, oúnjẹ àti ìkóná? Ìwàásù?

Bí ẹ bá rò pé mo ń ṣàwáwí fún wọn, ẹ wo oṣù Ramadan. Ọkùnrin kan náà tó máa ń ṣáná kó tó bọ́jú, tó ní òun kò lè ṣe wákàtí kan láìfà á, yóò jẹ sààrì, yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún wákàtí mẹ́tàlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ìgbà ìṣínu. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko. Ta ló fún un lágbára? Ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ náà. Awakọ̀ tó jókòó tì í kò fà á. Ẹni tó bá ṣáná lọ́sàn-án ni ojú ń tì. Ìyàwó rẹ̀ jí láàjìn láti dáná sààrì fún un. Ara rẹ̀ ń kan, gbogbo èèyàn sì mọ ìdí rẹ̀, wọ́n mú sùúrù fún un. Ẹgbẹ́ jọ pa á tì, ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe sì di ṣíṣe. Kò sí ìwádìí òyìnbó kankan tó lè fi ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ohun tí a ń fojú ara wa rí lọ́dọọdún yìí lọ.

Mo mọ bíríkìlà kan tó lo àǹfààní náà. Bó bá ṣínu tán, kò ní fà á, obì ló ń jẹ. Ó parí ààwẹ̀ láìfẹnu kàn án lọ́sàn-án tàbí lóru. Ikọ́ rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní òun ti ń gbọ́ adùn ọbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ Ìtúnu, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun nílé rẹ̀, wọ́n gbé páálí sìgá sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti ẹran. Ó ní òun ti jáwọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ṣé o ti di áfà ni?" Èkejì ti ẹyọ kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀kẹta ṣáná sí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọ̀nyí, ẹ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, mo mọ̀. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kò fẹ́ kó fi yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń jókòó. Ìdí tí mo fi ń bínú sí yín gan-an nìyẹn, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà á là, ẹ̀yin náà lẹ sì dá a padà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun kò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kò ní kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ló dé tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò níyì tó bẹ́ẹ̀ lójú yín? Ẹ má sì sọ fún mi pé ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe ni. Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, tábà Bàhíà sì wà lára ọjà tí àwọn oníṣòwò Potogí àti Bùràsílì fi ń ra èèyàn ní ìlú Ouidah láyé òwò ẹrú. Ẹ wá nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa fi yangàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yín ló dùn mí jù. Ẹni tó kọ́kọ́ fi sìgá lé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ kì í ṣe ọmọ ìta, ọ̀gá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ yín ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ bá òun tọ́ ọ. Ẹ rán an lọ ra sìgá. Ẹ ní kó bá yín tan án, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fà á kó lè ràn, lẹ́yìn náà ló gbé e fún yín. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́ títí tó fi gba fúrídọ̀mù. Ní ọjọ́ náà, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú aṣọ tó yá owó rà. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ti ń fa sìgá fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ báyìí ni yóò ṣòro fún jù láti jáwọ́ bó bá dàgbà, ẹ̀yin náà ni yóò sì pè é ní aláìgbọràn nígbà tí ikọ́ bá mú un. Ẹ kò bẹ̀rù ìyá yẹn? Ẹ kò bẹ̀rù Ọlọ́run?

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ tábà ní Nàìjíríà. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọ bẹ́ẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ tà á. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ máa tà á ní ẹyọ ẹyọ, àfi ní páálí tó ní ogún nínú. Ẹ jáde síta báyìí, ẹ wo ìsọ̀ tó sún mọ́ yín jù. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á, wọ́n so ìṣáná mọ́ ojú ìsọ̀ pẹ̀lú okùn fún ẹni tó bá fẹ́ tan án lórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ oníparagá. Ẹyọ yẹn ni ìdẹkùn ẹni tó ń jáwọ́. Kò jẹ́ ra odidi páálí mọ́, owó rẹ̀ yóò dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tí onílé bá lé e, yóò rà á. Ẹ̀yin tí ìjọba gbé iṣẹ́ ìmúṣẹ òfin yìí lé lọ́wọ́, tí ẹ ń gba owó oṣù, kí lẹ ń dúró dè? Àdúgbò àwọn olówó ti ṣẹ́ ọwọ́ sìgá kù láìsí yín. Àdúgbò tálákà ló nílò òfin náà, ibẹ̀ ni ẹ kò sì dé.

Ẹ̀yin aya àti ìyá, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Nígbà tó bá padà sídìí ẹ̀, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ pé "Mo mọ̀! Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!" Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó máa lọ fi pamọ́ fà níta, ẹni tó bá sì ti ń fi pamọ́ fà kò ní lè bẹ ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti áfà, ẹ yé pè é ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn. Ẹni tí ẹ bá dójú tì nínú ìjọ yóò kúrò nínú ìjọ, inú gáréèjì ni yóò padà sí, níbi tí kò sí ẹni tí yóò dójú tì í.

Ẹ̀yin oníṣègùn, ọwọ́ tiyín náà kò mọ́. Ẹ ó kọ "kó fi sìgá sílẹ̀" sínú fáìlì rẹ̀, ẹ ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ṣingọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ra nikotíìnì sínú àkọsílẹ̀ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ó ń fún ẹni tó ń jáwọ́ ní agbára ju ẹni tó dá a ṣe lọ. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí tálákà ń lọ ló yẹ kí ó wà, ẹ̀yin ló sì yẹ kí ẹ máa pariwo rẹ̀ sétí ìjọba.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń fa sìgá láti má bàa sùn, ẹ kò tilẹ̀ ní àwáwí àìrí ìrànlọ́wọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ti dá ètò sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́. Ẹ wọ ilé oògùn àdúgbò yín, ẹ béèrè.

Ó ku ìwọ tó ń fà á. Má rò pé mo ti dá ọ láre. Pé ọ̀nà rẹ le ju ti ẹlòmíràn lọ kò sọ pé kí o jókòó sójú ọ̀nà. Àwọn tó tọpa àwọn dókítà Bìrìtéènì fún àádọ́ta ọdún gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004: ẹni tó ń fa sìgá títí ayé rẹ̀ ń pàdánù bí ọdún mẹ́wàá nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ ní ọgbọ̀n ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó jáwọ́ ní ogójì gba bí mẹ́sàn-án, ní àádọ́ta bí mẹ́fà, ní ọgọ́ta bí mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ nílò ọdún wọ̀nyẹn ju bí ọmọ olówó ṣe nílò ti bàbá rẹ̀ lọ, torí kò sí ogún tí o fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn ju apá rẹ lọ. Má dá a ṣe. Wá ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ ó jọ jáwọ́ lọ́jọ́ kan náà. Sọ fún aya rẹ pé ara rẹ yóò kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Yí ibi tí o ń jókòó sí nígbà ìsinmi padà. Bí o bá ṣubú, má fi ṣe ìtìjú, ọ̀pọ̀ ẹni tó jáwọ́ pátápátá ló ti gbìyànjú, tó sì ti ṣubú rí kó tó yege.

Ẹ̀yin yòókù, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ọ̀gá kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ra sìgá rẹ̀, kó sì fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ọ̀rẹ́ kó mú páálí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Bí ẹ bá sì mọ ọkùnrin kan tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ lọ́wọ́ báyìí, ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í ní ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ṣe é fún un.